Àwọn Ìtàn Òyìnbó Lẹ́nu Àwọn Onífíìmù Híńdì

Ní ọdún 1869, Ishwar Chandra Vidyasagar, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Bẹ̀ńgálì, tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní Bhranti Bilas. Onímọ̀ èdè Sanskrit ni Vidyasagar. Òun náà ni ó kọ ìwé alífábẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọdé Bẹ̀ńgálì fi ń kọ́ ìwé kíkà láti ọdún 1855, ní sáà kan náà tí Àjàyí Crowther ń to gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n Bhranti Bilas kì í ṣe ìtàn tí ó dá rò láti inú ara rẹ̀. The Comedy of Errors, eré apanilẹ́rìn-ín Shakespeare, ni ó sọ di ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀ geere ní èdè rẹ̀. Ó fún àwọn ẹ̀dá-ìtàn ní orúkọ ilẹ̀ Íńdíà, ó kó wọn kúrò ní Éfésù, kò sì fi orísun ìtàn náà pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 1963, ìwé yìí di fíìmù ní èdè Bẹ̀ńgálì, Uttam Kumar sì ni ó ṣe ipa àwọn ọ̀gá méjèèjì tí wọ́n jẹ́ ìbejì. Ní ọdún 1968, fíìmù náà bọ́ sí èdè Híńdì pẹ̀lú orúkọ Do Dooni Char, ìyẹn ni pé eéjì lọ́nà méjì jẹ́ ẹẹ́rin. Akéwì Gulzar ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran kò kọbi ara sí i púpọ̀. Gulzar kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Ní ọdún 1982 ó tún ìtàn yìí sọ, òun fúnra rẹ̀ ni olùdarí, ó sì pè é ní Angoor, tí í ṣe èso àjàrà. Àwòrán Shakespeare fara hàn nínú fíìmù yìí. Nígbà tí eré sì parí, àwòrán náà ṣẹ́jú sí àwọn òǹwòran, bí ẹni tí ó mọ̀ pé kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ni ìtàn náà. Plautus ará Róòmù ti fi àwọn ìbejì tí ojú wọn jọra pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín ní nǹkan bí ọdún 1,800 ṣáájú Shakespeare.

Ó yẹ kí olùkọ́ èdè dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì yìí. Òpó kan ṣoṣo ni gbogbo àṣìṣe inú ìtàn náà fẹ̀yìn tì: àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ń jẹ́ orúkọ kan náà, àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ìránṣẹ́ náà sì ń jẹ́ orúkọ kan náà. Nínú Angoor, Ashok méjì ni ó wà, Bahadur méjì. Bahadur kì í sì í ṣe orúkọ tí a ṣàdédé mú. Orúkọ tí àwọn ará ìlú ńláńlá Íńdíà máa ń pe ìránṣẹ́ tàbí ọdẹ ilé tí ó ti Nepal wá ni, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ké pe Bahadur ní àdúgbò, ó lè ju ẹyọ ènìyàn kan lọ tí yóò dáhùn. Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ ìtàn yìí, òpó yẹn ni yóò kọ́kọ́ wó. Orúkọ àmútọ̀runwá ti ya Táíwò kúrò lára Kẹ́hìndé kí bàbá wọn tó ronú kan orúkọ mìíràn. Ẹni tí yóò sọ ọ́ lédè Yorùbá gbọ́dọ̀ wá ọgbọ́n mìíràn tí àṣìṣe náà yóò fi wáyé, ọgbọ́n tí ó bá sì dá yóò jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe ti Shakespeare mọ́.

Àpẹẹrẹ yìí kò bá èrò tí ó gbòde mu. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ni pé àwọn onífíìmù Mumbai, tí a mọ̀ sí Bombay tẹ́lẹ̀, ń wo fíìmù Amẹ́ríkà lálẹ́, wọ́n sì ń dà á kọ láàárọ̀. Orúkọ Bollywood gan-an, tí wọ́n fi Bombay àti Hollywood hun pọ̀, ti gbé ẹ̀sùn náà pọ̀n. Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i níwájú. Síbẹ̀, àṣà títún ìtàn Òyìnbó sọ pẹ́ ju Hollywood lọ ní ilẹ̀ Íńdíà. Láti ìgbà Vidyasagar títí di òní, yíyá ìtàn kò dáwọ́ dúró rí. Ohun tí ó ń yí padà ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jẹ́wọ́ gbèsè náà, àti ẹni tí wọ́n gbà pé àwọn jẹ.

Inú eré orí ìtàgé ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà. Àwọn Parsi, ìran tí àwọn baba ńlá wọn ti Páṣíà wá, bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀ ní Bombay láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Oníṣòwò ni wọ́n, wọ́n sì ṣe eré náà bí òwò. Wọ́n ń gbé e láti ìlú dé ìlú, gẹ́gẹ́ bí Hubert Ògúndé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe gbé eré ká Nàìjíríà ní ìgbà tiwọn. Èdè Gujarati ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, kí Úrdù tó gba iwájú. Òǹkọ̀wé tí ó lókìkí jù lọ nínú ọ̀wọ́ eré yìí ni Agha Hashr Kashmiri (1879–1935), ẹni tí wọ́n fi ń ṣe àpọ́nlé pé òun ni Shakespeare èdè Úrdù. Láti inú King Lear ni ó ti mú eré rẹ̀ Safed Khoon (1907), àkọlé tí ó túmọ̀ sí 'ẹ̀jẹ̀ funfun'. Nínú àkànlò-èdè Úrdù, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ funfun ni ẹni tí ìfẹ́ ẹbí ti tán lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, ó sì ti sọ ohun tí àwọn ọmọbìnrin Lear ṣe sí bàbá wọn láìku ẹyọ kan. Ìtumọ̀ tí ó jinlẹ̀ báyìí kò wọ́pọ̀ nínú àwọn ìtumọ̀ olówuuru tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe lónìí.

Àwọn eléré Parsi kò bẹ̀rù láti fọwọ́ kan ara ìtàn. Wọ́n fi orin sí i, wọ́n fi awàdà dá ìbànújẹ́ dúró, ìparí tí ó jẹ́ ikú lọ́wọ́ Shakespeare sì lè di ìlàjà tàbí ìgbéyàwó lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí fíìmù tí ń sọ̀rọ̀ dé Íńdíà pẹ̀lú Alam Ara ní ọdún 1931, orin méje ni ó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe fíìmù ni ó bí orin yẹn. Orí ìtàgé ni ó ti wá. Ọmọ Parsi kan náà, Sohrab Modi, ẹni tí ó ti ń ṣe Hamlet lórí ìtàgé, gbé e wọ fíìmù ní ọdún 1935 pẹ̀lú orúkọ Khoon Ka Khoon.

Ó tilẹ̀ ṣe é sọ pé àtúnsọ ni fíìmù Íńdíà fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí Dhundiraj Govind Phalke wo fíìmù kan nípa ìgbésí ayé Jésù ní Bombay ní nǹkan bí ọdún 1910 ni ó pinnu láti di onífíìmù. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, bí ojú ara rẹ̀ ti ń wo Jésù ni ojú inú rẹ̀ ń rí Krishna. Ní ọdún 1913 ó gbé Raja Harishchandra jáde, ìtàn ọba kan láti inú ìwé àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà. Ohun tí ó yá lọ́wọ́ Òyìnbó kì í ṣe ìtàn, ìgboyà pé a lè fi ẹni mímọ́ hàn lójú aṣọ ni.

Lẹ́yìn tí Íńdíà gba òmìnira ní ọdún 1947, àṣà mìíràn gbilẹ̀: mímú ìtàn láìdárúkọ ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó bá ti ka Jane Eyre yóò dá a mọ̀ nínú Sangdil (1952). Ẹni tí ó bá ka Wuthering Heights yóò dá òun náà mọ̀ nínú Dil Diya Dard Liya (1966). Ìtàn àwọn ọkùnrin méje tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá, tí Hollywood ṣe ní ọdún 1954, padà wá gẹ́gẹ́ bí Satte Pe Satta ní ọdún 1982. It Happened One Night (1934), ìtàn ọmọ olówó tí ó sá kúrò nílé bàbá rẹ̀ tí ó sì pàdé oníròyìn kan lójú ọ̀nà, di Chori Chori ní ọdún 1956, Raj Kapoor àti Nargis ni wọ́n ṣe é. Ní ọdún 1991 ó tún di Dil Hai Ke Manta Nahin. Ní àkókò yìí, kò rọrùn mọ́ láti sọ bóyá Amẹ́ríkà ni fíìmù ti 1991 yá ìtàn lọ́wọ́ rẹ̀ ni tàbí bàbá rẹ̀ tí ó wà nílé.

Tejaswini Ganti, onímọ̀ nípa àṣà àti àwùjọ ẹ̀dá, tí ó bá àwọn onífíìmù Bombay ṣe pọ̀ ní àwọn ọdún 1990, ṣe àlàyé iṣẹ́ yìí nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó jáde ní ọdún 2002. Àwọn tí ó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò sọ fún un pé fíìmù Amẹ́ríkà kì í ṣe é mú bí ó ti wà. Wọ́n ní láti fi ìmọ̀lára kún un, kí wọ́n fẹ ìtàn náà lójú, kí wọ́n sì fi orin sí i. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìmọ̀lára ni ó gba àlàyé jù, nítorí kì í ṣe ẹkún ni wọ́n ń wí. Ìbátan ni. Olú ẹ̀dá-ìtàn inú fíìmù Hollywood lè gbé nínú yàrá kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹnikẹ́ni má béèrè ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Òǹwòran fíìmù Híńdì yóò béèrè. Ọmọ ta ni? Ta ni ó tọ́ ọ? Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti relé ọkọ àbí kò ì tí ì lọ? Bí onífíìmù ṣe ń dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni ìtàn tí ó jẹ́ wákàtí kan ààbọ̀ ṣe ń di wákàtí mẹ́ta. Ìbéèrè wọ̀nyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó dàgbà nínú agbo ilé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, kò pa gbèsè rẹ́. Ẹni tí ó kọ ìtàn Amẹ́ríkà tí wọ́n mú jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún, kò sì rí orúkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n to orúkọ sí. Àwọn tí ó ń sọ pé ìtàn kò ní olówó kì í sábà gbà kí ẹlòmíràn mú tiwọn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ àtúnsọ ti dára jù lọ ni ó yẹ kí a pẹ́ sí díẹ̀, ìyẹn ni àwọn fíìmù mẹ́ta tí Vishal Bhardwaj ṣe láti inú Shakespeare: Maqbool (2003) láti inú Macbeth, Omkara (2006) láti inú Othello, àti Haider (2014) láti inú Hamlet. Kò fi ibi tí ó ti mú wọn pamọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí onímọ̀ èdè yóò ṣàkíyèsí ni orúkọ. Bhardwaj di ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ mú. Macbeth di Maqbool. Othello di Omkara, Desdemona di Dolly, Cassio di Kesu. Hamlet di Haider, Gertrude di Ghazala, Claudius di Khurram, Polonius di Parvez, Laertes di Liyaqat. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni lè máa jẹ́ ní Íńdíà ni gbogbo wọn, síbẹ̀ etí tí ó mọ Shakespeare ń gbọ́ ìró rẹ̀ lábẹ́ wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ Hamlet méjì tí wọ́n dà á ni kò tẹ̀lé ìlànà yìí: ọkùnrin méjì tí wọ́n ń yá ènìyàn ní fídíò ni wọ́n dà, Salman ni àwọn méjèèjì sì ń jẹ́, nítorí pé wọ́n fẹ́ràn òṣèré Salman Khan débi pé wọ́n ń mura bí i tirẹ̀.

Àwọn àjẹ́ mẹ́ta inú Macbeth, ọlọ́pàá méjì ni wọ́n nínú Maqbool. Wọ́n ń gba rìbá, wọ́n sì ń ya àwòrán ìràwọ̀ láti wo kádàrá ènìyàn. Àárín àwọn ọ̀daràn Mumbai ni ibùdó ìtàn náà, kò sì sí ibòmíràn tí ọlọ́pàá ti lè mọ ẹni tí yóò kú lọ́la bí kò ṣe irú ibẹ̀. Shakespeare sọ pé kò séwu fún Macbeth àfi bí igbó bá dìde wá bá a. Etí òkun ni Mumbai wà. Nítorí náà òkun ni wọ́n sọ pé yóò wọlé Maqbool, ó sì wọ ọ́ nígbà tí àwọn agbófinró tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ òkun já wọ inú ilé rẹ̀. Àwọn tí ó mọ Ààrẹ Akogun, eré tí Wálé Ògúnyẹmí fi Macbeth ṣe ní òpin àwọn ọdún 1960, yóò mọ̀ pé ìṣòro kan náà ni òun náà kojú: agbára àìrí wo ni àwọn òǹwòran mi bẹ̀rù ní tòótọ́?

Omkara ni ó súnmọ́ Yorùbá jù lójú ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó. Olórí àwọn tọ́ọ̀gì olóṣèlú ni Omkara ní abúlé àti ìlú kéékèèké ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh. Awọ ara dúdú Othello kò ní ìtumọ̀ kan náà níbẹ̀, nítorí náà ìbí ni Bhardwaj fi rọ́pò rẹ̀: Brahmin ni bàbá Omkara, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wá láti inú ìran tí wọ́n kà sí ẹni ilẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń fi ìdajì yẹn bú u. Aṣọ ìnujú tí Othello fún aya rẹ̀ di kamarbandh, ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye tí obìnrin máa ń so mọ́ ìbàdí, èyí tí ó jẹ́ àjogúnbá ní ìdílé Omkara. Aṣọ ìnujú lè bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn nígbàkigbà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ wọn bí ọkùnrin ṣe lè torí aṣọ ìnujú pa aya rẹ̀. Kò sí Yorùbá tí yóò béèrè bẹ́ẹ̀ nípa ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Bí ọkọ bá rí bèbè aya rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin mìíràn, àlàyé ti bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ní ti ibí yìí, ohun èlò inú àtúnsọ lágbára ju ti inú eré àkọ́kọ́ lọ.

Èdè fíìmù náà tún fa àríyànjiyàn. Kì í ṣe Híńdì àjùmọ̀lò ni àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ń sọ, ẹ̀ka-èdè àwọn ará oko ìwọ̀-oòrùn Uttar Pradesh ni, èébú sì pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó dà bí ìgbà tí a bá ṣe Othello ní ẹ̀ka-èdè Oǹdó tàbí Ìgbómìnà fún àwọn òǹwòran gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn tí ó ń náwó sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láìsí ẹ̀ka-èdè yẹn, Langda Tyagi, ẹni tí ó dúró fún Iago, tí Saif Ali Khan sì ṣe ipa rẹ̀, kì bá tí rí ahọ́n tí yóò fi tu oró.

Ìlú Srinagar ní Kashmir ní ọdún 1995 ni ibùdó ìtàn Haider, oníròyìn ọmọ Kashmir náà, Basharat Peer, sì ni ó bá Bhardwaj kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni àwọn ológun ti mú lọ ní Kashmir nígbà náà tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó wọn mọ́, àwọn aya wọn ni wọ́n sì ń pè ní ìdajì opó. Ìdajì opó ni Ghazala, ìyá Haider. Ẹ̀sùn ńlá tí Hamlet fi kan ìyá rẹ̀, pé ó tètè fẹ́ ẹlòmíràn, di ohun mìíràn níbí: báwo ni obìnrin ṣe lè ṣọ̀fọ̀ ẹni tí kò rí òkú rẹ̀? Ẹ̀mí òkú tí ń rìn lóru nínú eré Shakespeare di ènìyàn ẹlẹ́ran ara, ẹlẹ́wọ̀n kan tí ó yè bọ́, tí ń jẹ́ Roohdaar, ẹni tí ó ru ẹ̀mí.

Ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ kan wà nínú fíìmù yìí tí ó tó kókó iṣẹ́ fún kíláàsì kan. Hum, ní Híńdì àti Úrdù, jẹ́ ẹni kìíní ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn máa ń lò ó fún ara wọn nìkan pẹ̀lú. Nígbà tí Haider béèrè ìbéèrè Hamlet tí gbogbo ayé mọ̀, ìbéèrè wíwà àti àìwà, hum ni ó lò. Òǹwòran kò lè sọ bóyá ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó ń béèrè nípa ara rẹ̀, tàbí gbogbo Kashmir ni ó ń béèrè bóyá àwọn ṣì wà láyé. Gẹ̀ẹ́sì Shakespeare kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú 'mo' àti 'a', èyíkéyìí tí ó bá sì yàn, ìdajì ọ̀rọ̀ náà yóò ṣòfò.

Shakespeare kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ti àwọn alààyè yàtọ̀. Ẹjọ́ tí ó di òdiwọ̀n ní Íńdíà kò tilẹ̀ kan Òyìnbó. R. G. Anand kọ eré kan, Hum Hindustani, tí wọ́n ṣe ní Delhi ní ọdún 1954, lórí ẹ̀tanú tí àwọn ẹ̀yà Íńdíà ní sí ara wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìgbéyàwó. Fíìmù New Delhi jáde ní ọdún 1956 lórí ọ̀rọ̀ kan náà, Anand sì gbà pé iṣẹ́ òun ni wọ́n jí. Ní ọdún 1978, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kò sí ẹni tí ó ni èrò tàbí kókó ọ̀rọ̀; ọ̀nà tí ènìyàn gbà gbé e kalẹ̀ nìkan ni ó jẹ́ tirẹ̀. Bí òǹwòran bá wo iṣẹ́ méjèèjì tí kò sì lè ṣiyèméjì pé èkejì jẹ́ àdàkọ èkíní, nígbà náà ni ẹ̀bi wà. Anand pàdánù. Ìdájọ́ yìí fi àyè ńlá sílẹ̀ fún àwọn tí ń tún ìtàn sọ.

Àyè náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ Hollywood wá ń ṣòwò ní Mumbai fúnra wọn. Ẹni tí ó jìnnà kì í rí ohun tí wọ́n mú nínú oko rẹ̀. Nígbà tí ó kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ó rí i. Ní ọdún 2009, 20th Century Fox gba owó tí ó tó 200,000 dọ́là ti Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Mumbai láti parí ẹjọ́ lórí fíìmù tí wọ́n ní ó jẹ́ àdàkọ My Cousin Vinny. Ní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ yìí kan náà borí ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Bombay lórí Knock Out, tí wọ́n fi wé Phone Booth. Ní ọdún yẹn náà ni We Are Family jáde gẹ́gẹ́ bí àtúnsọ Stepmom, pẹ̀lú ìwé àdéhùn, ilé-iṣẹ́ Sony sì lọ́wọ́ sí i.

Ìdájọ́ òdodo ni kí a sanwó fún ẹni tí ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn ní iye tirẹ̀ tí ó ń gbà. Laal Singh Chaddha (2022), àtúnsọ Forrest Gump (1994), fi èyí hàn. Òṣèré Atul Kulkarni ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ju ọdún mẹ́wàá lọ láàárín ìgbà tí ó kọ ọ́ àti ìgbà tí fíìmù náà jáde, nítorí pé gbígba àṣẹ kò rọrùn. Ohun tí ó jáde tẹ̀lé fíìmù Amẹ́ríkà náà ní ìran dé ìran. Páálí ṣokoléètì di golgappa, ìpápánu oníhò tí wọ́n ń bu omi ata sí. Ogun Vietnam di ogun Kargil ti 1999. Òwò edé tí ọ̀rẹ́ Forrest ń lá àlá rẹ̀ di òwò àwọ̀tẹ́lẹ̀ ọkùnrin. Pàṣípààrọ̀ ni ìwọ̀nyí, wọ́n sì pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ń pààrọ̀ wọn ń wo ẹ̀yìn. Ibì kan wà tí kò wo ẹ̀yìn. Ọmọ Sikh ni Laal. Ní ọdún 1984, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Sikh ní Delhi lẹ́yìn ikú Indira Gandhi, ìyá rẹ̀ gé irun orí rẹ̀ kí àwọn apànìyàn má bàa dá a mọ̀. Àṣẹ ẹ̀sìn ni fún Sikh pé kí irun má ṣe kúrò lórí. Forrest Gump kò ní ìran kankan tí ó jọ èyí, òun sì ni ó gbé fíìmù náà ró jù lọ. Fíìmù náà kò pa iye owó tí wọ́n retí ní àwọn ilé sinimá Íńdíà. Àwọn kan ti pe ìpè pé kí ènìyàn má ṣe lọ wò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìpè náà nìkan ni ó fa á.

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sí Mumbai, nítorí fíìmù Híńdì fúnra rẹ̀ ti di ohun tí àwọn mìíràn ń tún sọ. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn oníṣòwò ọmọ Lẹ́bánónì ti ń kó fíìmù Íńdíà wọ àríwá Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ òǹwòran ní Kánò kò gbọ́ Híńdì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ṣókùnkùn sí wọn. Wọ́n ń gbọ́ duniya, tí Háúsá ń lò bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, tí Yorùbá sì yá di dúníyàn. Rooh, tí ó wà nínú orúkọ Roohdaar, ni ruhu èdè Háúsá. Èdè Lárúbáwá ni ó fún gbogbo wọn. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ń kọ ìwé ìfẹ́ ní èdè Háúsá, àti àwọn onífíìmù Kánò láti àwọn ọdún 1990, bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìtàn, ijó àti ohùn orin láti inú fíìmù Íńdíà, láìsí ìwé àdéhùn kankan. Àwọn olórin ẹ̀sìn kan tilẹ̀ ń fi ohùn orin fíìmù Íńdíà yin Ànábì. Àwọn mìíràn kò fara mọ́ àwọn ijó inú fíìmù náà. Lára ohun tí ó mú kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kánò dá ìgbìmọ̀ tí ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀ ní ọdún 2001 nìyẹn.

Brian Larkin, onímọ̀ tí ó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1997, bẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ní sinimá Marhaba ní Kánò. Mother India ni wọ́n ń fi hàn, fíìmù tí ó ti jáde láti ọdún 1957. Kò sí fíìmù tí àwọn ará Íńdíà pè ní tiwọn tó o. Ìyá kan nínú rẹ̀ yìnbọn pa ọmọ tirẹ̀ nítorí ọlá abúlé rẹ̀. Síbẹ̀, àkọlé rẹ̀ jẹ́ èsì sí ìwé tí Katherine Mayo, ọmọ Amẹ́ríkà, fi tàbùkù Íńdíà ní ọdún 1927 pẹ̀lú orúkọ kan náà. Àwọn onímọ̀ fíìmù sì ti tọ́ka sí ìwé Pearl Buck, ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn tí ó kọ̀wé nípa àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ṣáínà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó ru olùdarí rẹ̀, Mehboob Khan, sókè. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, kò sí ẹni tí ó wá sí Marhaba nítorí Pearl Buck. Ìyá yẹn ni wọ́n wá wò, wọ́n sì ti mọ àwọn orin rẹ̀ lórí.